Ìbọn ọlọ́pàá tó ti hó lára: Model 10 àlòkù tí mo rà ní dọ́là 400

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo gbé e wálé. Smith & Wesson Model 10 ni, rìfọ́fà (ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí) oníhò mẹ́fà tó ń jẹ ọta .38 Special, ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínṣì 4. Dọ́là 449 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Dọ́là 400 ni mo san. Owó orí ọjà ní Houston níbí, 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, fi dọ́là 33 lé e, gbogbo rẹ̀ wá di 433. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé àwọn èèyàn wa tí a jọ ń gbé ní Texas kì í yé béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọ́n ti lè rí ìbọn gidi rà láìjẹ gbèsè, nígbà tí gbogbo nǹkan ti wọ́n gógó. Èmi náà sì ti ra èyí tó jẹ mí lówó rí, mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Kò lẹ́wà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Aró tí wọ́n fi pa irin rẹ̀ ti hó lẹ́nu ọ̀pá títí ibẹ̀ fi funfun bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi eérú fọ̀. Ó hó ní etí ilé ọta tó ń yí, níbi tí akọ̀ aláwọ ti ń ha á láti ọdún pípẹ́. Èèkù onígi rẹ̀ ní ojú ọgbẹ́ bíi mẹ́wàá lápá ọ̀tún, ó jọ pé ìlẹ̀kùn mọ́tò ló ń gbá a. Lẹ́yìn èèkù náà, nọ́ńbà tín-ín-rín kan wà tí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ni ín tẹ́lẹ̀ tẹ̀ sí i. Nínú àpótí gíláàsì tó wà, àwọn tó ń kọ mànà ló yí i ká. Èèyàn mẹ́rin ló tẹ̀ síwájú àpótí yẹn ní ojú mi, kò sí ọ̀kan tó ní kí wọ́n gbé e fún òun.

Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ọlọ́pàá a máa gbé ìbọn kọ́ ìdí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nínú òjò, nínú ooru, fún ọdún mẹ́wàá, fún ogún ọdún. Ìgbà mélòó ló ń yìn ín? Nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò lórí pápá ìyìnbọn ni, bóyá ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ́dún. Ara ló ń gbó, inú kì í gbó. Àwọn tó ń kọ mànà ńkọ́? Ẹlòmíràn á ti yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta nínú tirẹ̀, á wá ní kí wọ́n tún un pa láró kó tó gbé e lọ sọ́jà.

Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ èèkù tèmi fi D bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1968 sí 1977 ni wọ́n fi D yẹn ṣáájú nọ́ńbà. Nígbà tí a ṣí ilé ọta síta, a rí 10-6 tí wọ́n tẹ̀ sára irin lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì ni èyí tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn. Ìṣó kékeré kan gba ara ìbọn kọjá níbi tí ọ̀pá ti wọ inú rẹ̀. Ní 1982 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ṣíwọ́ ìṣó yẹn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ fi ń wá a lójú méjèèjì. Láti 1899 ni wọ́n ti ń ṣe irú ìbọn yìí, 1957 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ní Model 10, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà tó jáde. Nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èèyàn lè fara balẹ̀ wá èyí tó dára nínú rẹ̀.

Ọmọ ọdẹ ni mí, Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Ìbọn ṣakabùlà ni bàbá mi gbé títí ó fi dàgbà. Mo rántí ọjọ́ tí àgbẹ̀dẹ kan tẹ́ ìbọn mẹ́ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ti lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn ń dán, wọ́n fi idẹ wẹ́wẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, òun ni mo nawọ́ sí. Bàbá mi ò wo ibẹ̀. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa òòlù ẹ̀yìn wọn sókè jẹ́jẹ́, ó gbé etí sún mọ́ ọn. Nígbà tó dé orí èyí tó ń dán, ó ní, "Akólòlò ni èyí," ó sì gbé e sílẹ̀. Èyí tó rà, èéfín ilé àgbẹ̀dẹ ṣì wà lára rẹ̀.

Ọdún méjì sẹ́yìn mo gbàgbé ìyẹn pátápátá. Mo lọ sí ọjà ìbọn kan tí wọ́n ń ná lópin ọ̀sẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, mo rí rìfọ́fà kan tó dúdú kirikiri, tó ń dán bí kóró iṣin, mo san dọ́là 620 lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó tà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yìn ín, nǹkan gbóná tín-ínrín kan ta mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Òjé ni. Ihò ilé ọta kò dúró gún pẹ̀lú ihò ọ̀pá, ọta ń gé ara rẹ̀ kó tó wọlé. Ẹni tó ń tún ìbọn ṣe gba dọ́là 185 lọ́wọ́ mi, oṣù márùn-ún ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo tà á ní dọ́là 500. Ẹ ṣírò ohun tí mo pàdánù. Dídán yẹn ni mo sanwó fún. Bí mi ò bá sì de dígí sójú lọ́jọ́ náà, ojú mi ni òjé yẹn ì bá bà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé fílà géèjì mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́tẹ̀ yìí, àwọn irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń ṣe kọ́ńtáàtì mọ́tò. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gẹ́ irin ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ ni mo ti ń lò ó.

Mo kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Ó ṣí ilé ọta, ó fi hàn mí pé ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣófo, èmi náà tún fi ìka tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú nìkan ṣe èyí láé, kódà bí ẹni tó gbé e fún yín bá búra. Mo pa á dé. Mo gbé ìka lé ilé ọta fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fẹ́ dá a dúró, mo wá ń fa òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ wá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹ ń tẹ́tí sí ni ìró kékeré kan, "kọ́!", tó ń sọ fún yín pé ilé ọta ti há síbi tó yẹ. Ìró yẹn gbọ́dọ̀ dé kí òòlù tó dúró sẹ́yìn tàbí kí àwọn méjèèjì jọ dé. Bí òòlù bá ti dúró tí ilé ọta ò tíì há, akólòlò ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe é, torí pé ihò márùn-ún lè dára kí ẹ̀kẹfà má dára. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà há.

Lẹ́yìn náà mo fa tírígà, mi ò jù ú sílẹ̀, mo wá fọwọ́ mi ilé ọta. Díẹ̀ ló yẹ kó mì. Mo tì í síwájú, mo tì í sẹ́yìn, kò rìn. Mo gbé òòlù dúró, mo fi àtàǹpàkò tì í láti ẹ̀yìn, torí bí ó bá já wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa tírígà, ìbọn yẹn léwu, kí ẹ dá a padà sínú gíláàsì ni. Kò mira. Mo fi fílà géèjì sí àlàfo tó wà láàárín ilé ọta àti ìdí ọ̀pá. Èyí tó jẹ́ 0.005 ínṣì kọjá, 0.006 ń ha, 0.007 kọ̀. Láti 0.004 dé 0.008 ni mo máa ń gbà, nítorí náà inú mi dùn gan-an. Mo yí ọ̀pá kékeré tó ń ti èèpo ọta jáde, ó yí gbọọrọ láìṣe gberegbère. Mo fi bébà funfun sẹ́yìn, mo tan iná, mo yọjú wo inú ọ̀pá láti ẹnu: ó mọ́ kedere, ìlà tó lọ́ yíká inú rẹ̀ ṣì mú. Mo wo ìdí ọ̀pá bóyá ó ti sán. Ẹni tó bá ń wo Model 19, tó ń jẹ ọta .357 Magnum, kó tẹjú mọ́ ibẹ̀ gan-an, pàápàá nísàlẹ̀, torí pé wọ́n gé irin ibẹ̀ kúrò díẹ̀ kí nǹkan mìíràn lè ráyè. Ọta líle a máa sán an níbẹ̀.

Ibi tó kẹ́yìn ni abẹ́ èèkù. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi tú igi náà. Bàbá tó ń tajà, òyìnbó tó ti tó ọmọ àádọ́rin ọdún, wò mí.

"Ó jọ pé o mọ irin."

"Iṣẹ́ mi ni, sà."

Ó tú u. Ìdógùn-ún tó fẹ̀ tó èékánná ìka ọmọńdinrín wà níbẹ̀, lápá òsì, òógùn ọlọ́pàá àti omi òjò ló fà á. Mo fi èékánná ha á. Kò jinlẹ̀, àwọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n mo fi hàn án, mi ò sọ̀rọ̀. Òun náà ò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Dọ́là 380." Ó ní 430 ni òun lè gbà. Mo ní kó tún bá mi dín in kù díẹ̀ sí i. Ó wo ìdógùn-ún náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "400, mi ò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́." Mo nawọ́ sí i. Àwọn èèyàn wa kan rò pé kò sí ìnájà ní ilẹ̀ yìí. Lórí ohun tuntun, lóòótọ́, ó ṣòro. Lórí àlòkù, tí owó bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì rí nǹkan tí ẹ lè fìka tọ́, wọ́n ń dúnàádúrà.

Owó rẹ̀ ti fò sókè, mi ò ní parọ́. Ní 2009, ọdún karùn-ún tí mo dé ibí, dọ́là 225 ni mo rí irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù adógò kan, mo sì ní ó wọ́n. Nígbà náà, ìbọn ọlọ́pàá pọ̀ lórí àtẹ bíi mọ́tò tòkunbọ̀ lọ́jà. Ohun tó mú kí wọ́n pọ̀ ni pé lẹ́yìn 1986, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ FBI bá ọlọ́ṣà méjì jà ní Miami tí méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sì kú, àwọn agbófinró bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí rìfọ́fà bọ́ sórí ìbọn tó ń gba ọta púpọ̀. Ìlú kan tẹ̀ lé ìkejì, wọ́n kó ti àtijọ́ fún àwọn oníṣòwò, wọ́n gba tuntun. Orísun yẹn ti gbẹ. Èyí tó wà níta báyìí, láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń rìn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, àwọn tí kò gbé ìbọn rí ya bo ṣọ́ọ̀bù, ohun tó sì ṣẹ́kù lórí àtẹ tán. Owó tó gòkè lọ́dún náà kò padà wálẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tuntun tí mo béèrè nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ju dọ́là 700 lọ.

Bọ̀dá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí mo rà á. Colt Python ló wà lọ́kàn tiwọn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n ní fún ààbò ilé ni. Ìbọn tó rẹwà ni Python lóòótọ́, 1955 ló kọ́kọ́ jáde, Colt ṣíwọ́ rẹ̀, wọ́n tún wá gbé tuntun jáde ní January 2020 ní dọ́là 1,499. Èyí àtijọ́ rẹ̀, tó bá mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, àwọn tó ń kó o jọ ló sì ń rà á, wọn kì í yìn ín. Ẹni tó fẹ́ ṣọ́ ilé kò nílò rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé bí ọkàn wọn ò bá balẹ̀ lórí àlòkù, kí wọ́n wo Taurus tuntun, tí wọ́n ń ṣe ní Brazil. Kò wọ́n, ilé iṣẹ́ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ràn irin àtijọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń yẹ irin wò, tuntun yẹn sàn fún un ju àlòkù tó ń dán.

Ní ti ìwé, fọ́ọ̀mù 4473, tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó ń ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù kọ, ni mo kọ, wọ́n gba káàdì ìwakọ̀ mi, wọ́n kàn sí FBI kí wọ́n yẹ orúkọ mi wò. Láti 1998 ni ètò yẹn ti wà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó bá ní káàdì ìgbélùú lè rà á, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbí pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè, àfi nínú àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin fúnra rẹ̀ yọ sọ́tọ̀. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni rà á lórúkọ yín. Ìbéèrè wà lórí fọ́ọ̀mù náà bóyá ìwọ gan-an lo ń rà á fún ara rẹ, irọ́ níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀ mí lọ́dún tó kọjá, mo ní rárá, ó bínú, ó padà yé e. Àwọn tó ń ronú àtigbé e lọ sílé, ẹ gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka rìfọ́fà mọ́ àwọn tí a fòfin dè. Ṣakabùlà bàbá mi ní ipò tirẹ̀ nínú òfin yẹn, èyí kò ní.

Mo yin ọta 50 ní pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé òòlù sókè, tírígà rẹ̀ rọ̀ bí ẹni gé bọ́tà. Bí ẹ bá fà á tààrà láìgbé òòlù, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ń lọ geere láìsí ìkọsẹ̀ kankan, ẹ sì máa mọ̀ lọ́wọ́ ìgbà tó ń yí. Ní yáàdì 7, ọta mẹ́fà kóra jọ síbi tí àtẹ́lẹwọ́ mi lè bò. Wọ́n balẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí mo fojú sùn. Kì í ṣe àléébù. Ọta tó wọn girẹ́ìnì 158 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọta) ni wọ́n fi ojú ìfisùn rẹ̀ dọ́gba, 130 ni mo sì rà, ọta tó bá fúyẹ́ a máa lu ìsàlẹ̀. Ojú ìfisùn yẹn kò ṣeé yí, ọta lẹ máa yí. Èèkù onígi náà kéré fún ọwọ́ mi, ó ń gbá mi ní oríkèé àtàǹpàkò, mo ti ra onírọ́bà ní dọ́là 28, mo sì tọ́jú igi náà.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni owó ọta. Dọ́là 32 ni páálí oní-50 nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo rí i ní 24 níbòmíràn lọ́sẹ̀ kan náà, nígbà tí ẹni tó ń yin ọta 9mm ń san bíi 14. Ẹ ka ìyẹn mọ́ owó ìbọn kí ẹ tó sọ pé ẹ rí ọ̀pọ̀. Ẹ ka séèfù náà mọ́ ọn. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé mi. Kí ìbọn tó wọlé ni séèfù ti wà nínú yàrá, ìyàwó mi ló yan nọ́ńbà rẹ̀, ọta wà nínú àpótí mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò wu ojú ní tòótọ́. Inú rẹ̀ há, kò sí ẹni tó ń dáhùn fóònù, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú àti Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n wọ́n tú èèkù fún mi láìfajú ro, wọ́n sì jẹ́ kí n fi irin wọn sábẹ́ géèjì. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lọ, ní ọ̀sán, nígbà tí bàbá náà ráyè. Mo sì ti kíyè sí i pé láti February títí dé April, tí owó orí tí ìjọba ń dá padà bá ti wọlé, wọn kì í gbọ́ ìnájà. Ẹ dúró dìgbà tí iléèwé bá fẹ́ wọlé ní August, tí àwọn èèyàn ń gbé ìbọn wá tà.

Bàbá náà gba nọ́ńbà fóònù mi. Ó ní obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá kó tó kú ń bọ̀ wá ta Model 64, irú Model 10 tí irin rẹ̀ funfun tí kì í tètè dógùn-ún, pẹ̀lú akọ̀ tí ọkùnrin náà lò. Mo ti sọ fún bọ̀dá. Ọjọ́bọ̀ la jọ ń lọ, wọ́n ní kí n má gbàgbé géèjì.